Ẹnu ọmọ ló ń pe omi ọmú: ìtọ́sọ́nà fún ìyá ìkókó láti wákàtí àkọ́kọ́ dé oṣù kẹfà

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ sì kú ọwọ́ lómi. Bí ọmọ yín ò bá tíì dáyé, ẹ̀yin gan-an ni mo tilẹ̀ fẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ yìí jù, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí láti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gbé ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Gbogbo wọn gbà pé obìnrin tó bá ti bímọ á kúkú mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, orí ọmú mi méjèèjì ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹkún ọmọ báyìí, àyà mi á já. Mo ti ń ronú agolo mílíìkì nígbà tí ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé wá kí wa. Ó wo bí mo ṣe gbé ọmọ dání, ó ní, "Ọmọ mi, orí ọmú nìkan lo fi há a lẹ́nu. Ọmọ kì í mu orí ọmú. Ọmú ló ń mu." Ó bá mi tún un gbé. Ìrora yẹn rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn ni mo ti fi bá ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ọmú kì í ṣe ìkòkò tí a ń dúró kó kún ká tó bù nínú rẹ̀. Ó dà bí ìsun omi: bí wọ́n bá ṣe ń pọn ọ́n tó ló ṣe ń sun tó. Bí ọmọ bá gbá ọmú mú dáadáa, tó ń fà á lóòrèkóòrè, ara ìyá á gbọ́, á sì pèsè. Bí wọ́n bá fi omi tàbí àgbo dí ikùn ọmọ, kò ní fà á, ara ìyá á gbà pé wọn ò nílò omi mọ́, á sì dín in kù. Ibẹ̀ ni "omi ọmú mi ò tó" ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ tó dé

Iṣẹ́ tó wà níbí kéré. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn ha orí ọmú pé ẹ fẹ́ kó le. Awọ ibẹ̀ lẹ máa bó. Ọmú kékeré, ọmú ńlá, gbogbo wọn ló ń ní omi, torí ọ̀rá ló ń mú ọmú tóbi. Bí orí ọmú yín bá wọnú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tẹ́ ẹ bá lọ fún ìtọ́jú aláboyún. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń fún ọmọ lọ́mú láìsí wàhálà.

Èyí tó ṣe kókó ni kí ẹ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀: ọkọ, ìyá yín, ìyá ọkọ, ẹni tó máa wá wẹ ọmọ. Ẹ sọ fún wọn pé ọmú nìkan ni ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà. Ó rọrùn láti sọ nígbà tí ilé ṣì tòrò ju kó di aago méjì òru, tí ọmọ ń ké, tí ìyá ọkọ ti gbé ife omi dání.

Wákàtí àkọ́kọ́

Bí ọmọ bá ti dé, tí ara òun àti ìyá rẹ̀ dá, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e lé ìyá láyà láìsí aṣọ láàárín wọn, kí wọ́n wá fi aṣọ bò ó lẹ́yìn. Ìwẹ̀ lè dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti UNICEF ní kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú láàárín wákàtí kan. Ẹ má fipá ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu o. Ọmọ á sinmi díẹ̀, á máa lá ètè, á máa fi orí wá kiri, òun fúnra rẹ̀ á dé ìdí ọmú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bí ojú yín bá ti dá, kí wọ́n gbé e wá fún yín.

Omi tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè. Àwọn kan máa ń fún un dànù pé ó dọ̀tí, pé ó ti pẹ́ nínú ọmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tó ń gbógun ti àìsàn ló kún inú rẹ̀, òun ló sì ń bá ọmọ ti ìgbẹ́ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà yẹn jáde nínú. Ìwọ̀nba ló máa ń jẹ́, bíi ṣíbí ìmutíì kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó ọmọ ọjọ́ kan, torí ikùn rẹ̀ kéré gan-an ni. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni omi funfun tó pọ̀ máa ń dé. Ó lè pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọmú yín lọ́jọ́ kejì tó ní "kò sí nǹkan níbẹ̀," ẹ fi sùúrù dá a lóhùn pé nǹkan wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń gbé ọmú sí ọmọ lẹ́nu

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bí ẹ bá lè ka ibì kan lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ni kó jẹ́.

1. Ẹ jókòó dáadáa. Kí ẹ̀yìn yín fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ yín tẹlẹ̀. Bí àga bá ga, ẹ gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí sórí itan kí ọmọ lè ga dé ọmú. Ọmọ là ń gbé wá bá ọmú, a kì í tẹ̀ ba láti gbé ọmú lọ bá ọmọ. Ẹ̀yìn tó ń dun ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó, ìtẹ̀ba yẹn ló fà á.

2. Ẹ yí ọmọ kó kọjú sí yín pátápátá, ikùn rẹ̀ kan ikùn yín, kí etí, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ wà ní ìlà kan. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ wá gbé omi mì, ẹ máa rí i bó ṣe nira. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja tí wọ́n wá yí orí rẹ̀ nìkan sí ọmú.

3. Ẹ fi ọwọ́ gbá èjìká àti ọrùn ọmọ mú. Ẹ má ti orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ tí wọ́n bá ti lórí máa ń ta kú ni. Kí imú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú orí ọmú. Mo ní imú, kì í ṣe ẹnu.

4. Ẹ fi orí ọmú ra ètè òkè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá dúró. Ẹ dúró títí á fi ya ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń yán. Ibí ni sùúrù ti máa ń tán lára wa, tí a ó ti ọmú bọ ẹnu tí kò tíì ya tó.

5. Bó ṣe ya ẹnu báyìí, ẹ yára fà á mọ́ra. Àgbọ̀n rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ọmú, kí orí ọmú kọjú sókè sí àjà ẹnu rẹ̀. Kí púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká wọlé, pàápàá apá ìsàlẹ̀.

6. Ẹ wá wò ó. Ṣé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí síta? Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún? Ṣé dúdú tó kù lókè ju ti ìsàlẹ̀ lọ? Á kọ́kọ́ fà á kíákíá, lẹ́yìn náà á máa fà á gùn, á máa dánu dúró díẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Bó bá ń dún bí ẹni tó ń pòṣé, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wọnú, kò tíì gbá a mú.

7. Ó lè ta yín díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìrora náà ò bá lọ bó ṣe ń fà á lọ, ẹ má fara dà á, ẹ má sì fa ọmú yọ tipátipá. Ẹ fi ìka ọmọńdinrín tó mọ́ bọ igun ẹnu rẹ̀ kó lè tú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọmọ ò ní bínú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ gbé ọmú ró, kí àtàǹpàkò wà lókè, kí ìka mẹ́rin tó kù wà nísàlẹ̀, jìnnà sí ibi dúdú. Mo mọ̀ pé ìka méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń há ọmú bíi sísọ́ọ̀sì, kí imú ọmọ má baà dí. Ìka yẹn ló ń dí ọmọ lọ́nà tí kò fi lè kó ọmú sẹ́nu tó. Bí imú bá sún mọ́ ọmú jù, ẹ fa ìdí ọmọ súnmọ́ yín, imú á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó kọjú sí i. Ó sì lè gbé ọmọ sábẹ́ apá bí ẹni tó há pọ́ọ̀sì sí abíyá, kí ẹsẹ̀ ọmọ wà lẹ́yìn. Ìyẹn ò ní jẹ́ kó tẹ ojú ọgbẹ́.

Ìgbà wo, ẹ̀ẹ̀mélòó?

Ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ má wo aago, ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá ń yí orí kiri, tó ń lá ètè, tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu, ebi ń pa á nìyẹn. Ẹkún ló máa ń kẹ́yìn, ọmọ tó bá sì ti ń ké gan-an kì í tètè gbá ọmú mú. Ẹ ní láti rẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ dákẹ́ ná.

Kó mu ọ̀kan títí òun fúnra rẹ̀ á fi tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi èkejì lọ̀ ọ́. Bí ó ṣe ń mu ún lọ ni omi náà ń lọ́ràá sí i; bí wọ́n bá ń já a gbà lẹ́nu rẹ̀ láàárín kan, á pàdánù èyí tó ń mú kó yó pẹ́. Èyí tó mu kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Mo máa ń so ribíọ́nù kékeré mọ́ okùn kọ́sẹ́ẹ̀tì mi ní apá tó kàn kí n má baà gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀. Bí kò bá gùfẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ tuntun tó ń sùn jù ń fẹ́ àbójútó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bó bá ti tó bíi wákàtí mẹ́ta tí kò jí, ẹ tú aṣọ lára rẹ̀ díẹ̀, ẹ fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un lọ́mú.

Òru ṣòro, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọ tí ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn ń bẹ lẹ́nu òwe, ẹ̀yin lẹ wá ń rí i lójú. Ṣùgbọ́n òru gan-an ni ohun tó ń pèsè omi ọmú máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, nítorí náà ọmú òru ló ń gbé ti ọ̀sán dúró. Ẹ sùn nígbà tí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ẹlòmíràn fọ abọ́. Ẹ má sùn lọ pẹ̀lú ọmọ lórí àga onítìmùtìmù. Ó lè yọ́ bọ́ sáàárín àga kí èémí rẹ̀ dí.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ń yó?

Ẹ má fi rírọ̀ ọmú mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọmú á rọ̀, kò ní máa le mọ́, torí ara ti mọ ìwọ̀n tí ọmọ ń fẹ́ ni. Ìdí ọmọ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Lọ́jọ́ kìíní, nápíìnì kan tó tutù tó. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́ta. Láti ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹfà lọ, kó máa tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, kí ìtọ̀ náà má pọ́n. Ìgbẹ́ á kúrò ní dúdú, á di àwọ̀ ewé, nígbà tó bá sì fi máa di ọjọ́ karùn-ún á ti di àwọ̀ ìyeyè, tí yóò rọ̀.

Ìwúwo ọmọ máa ń dín kù láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nígbà tó bá máa fi pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti padà sí ìwúwo tó bá wáyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá lọ gba àjẹsára, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀.

Omi, àgbo, àti àwọn àgbà wa

Ìwádìí ìlera ará ìlú tí wọ́n ń pè ní NDHS, ti ọdún 2018, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Àwọn tó kù kò ṣàì rí ọmú mu. Omi, àgbo, ògì àti mílíìkì agolo ni wọ́n ń fi kún un, àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà jù lọ láyé ló sì ń fún un.

Ìyá ọkọ mi náà sọ tirẹ̀. Ó ní, "Nínú ooru yìí, ẹ ò ní fún ọmọ mi lómi? Omi ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ, ṣé ó kú ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá sanra sí i, ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe." A jọ lọ. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lójú wọn, ó sì ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí a délé, àwọn fúnra wọn ló ń sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ àwọn kì í mu omi. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé fi ìwé bá òun jiyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un mọ́ ọ̀rọ̀, tí ẹ sì gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́, ìwẹ̀ ọmọ, pípọ̀n ọ́n, sísè oúnjẹ ìyá, ìfẹ́ rẹ̀ á rí ibi gbà.

Àwọn ìdáhùn tẹ́ ẹ lè mú dání nìyí. Omi ni nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún omi ọmú, nítorí náà bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ nínú ooru, ọmú ni kẹ́ ẹ fi kún. Òsúkè kì í ṣe àìsàn. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Àwújẹ̀ ọmọ tó ń mí sókè sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bí gbogbo ọmọ ṣe rí nìyẹn. Àwújẹ̀ tó bá jìn wọlé kòtò yàtọ̀ pátápátá, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ife omi.

Ní ti rírọ ọmọ, tí wọ́n máa ń di imú rẹ̀ tí wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ da àgbo sí i lẹ́nu, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Àgbo yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ìkókó ò tíì gbó tó láti gbà á. Oògùn tí dókítà bá kọ, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) bí ó bá ń yàgbẹ́, àti àjẹsára tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu, ìyẹn ò ba ọmú-nìkan jẹ́.

Oúnjẹ ìyá

Ẹ jẹ ohun tí ilé ní, kó pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ẹ̀wà, mọ́ín-mọ́ín, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, èso. Ẹ máa mu omi nígbàkúùgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, kẹ́ ẹ gbé ife kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀kọ gbígbóná dára torí omi àti agbára tó wà nínú rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n ní ó ń mú omi ọmú wá ò ràn yín lọ́wọ́. Ọtí máa ń dí ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà jáde ni, ó sì ń wọnú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Bí wàhálà bá dé

Ọmú tó le bí òkúta, tó ń dán, tó ń gbóná, sábà máa ń wá nígbà tí omi bá kọ́kọ́ dé. Ẹ fún omi díẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ kí ibi dúdú lè rọ̀, kí ọmọ lè rí i gbá mú, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn tó bá mu tán, ẹ fi aṣọ tutù lé e.

Orí ọmú tó bó: ẹ padà sí ìgbésẹ̀ méje tó wà lókè yẹn, torí ìpara ò lè tún ohun tí ìgbámú burúkú ń bà jẹ́ ṣe. Ẹ fún omi ọmú díẹ̀ sí ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Bí ibì kan nínú ọmú bá pọ́n, tó le, tó ń ro, tí ara yín gbóná tí òtútù ń mú yín, ẹ má dá ọmú dúró. Omi rẹ̀ kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan, dídá a dúró ló sì lè jẹ́ kó di eéwo. Ẹ máa fún ọmọ lọ́mú bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ fi aṣọ tutù sí i, ẹ sinmi, ẹ má fi agbára fún un tàbí fi omi gbígbóná jó o. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí ohun funfun bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí kò ṣeé nù kúrò, tí orí ọmú sì ń ta yín bí ata, ẹ̀yin méjèèjì lẹ nílò oògùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá sì jẹ́ pé omi kò tó lóòótọ́, tí ọmọ ò tọ̀ tó, tí kò wúwo sí i, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kó wo bí ọmọ ṣe ń mu ún lójú ara rẹ̀. Àwọn ìyá kan wà tí omi wọn kò tó pẹ̀lú gbogbo ìgbìyànjú, nítorí àìsàn, ẹ̀jẹ̀ tó dà jù nígbà ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ọmú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú irú ìyá bẹ́ẹ̀. Mílíìkì agolo tí wọ́n ṣe fún ìkókó, tí wọ́n pò pẹ̀lú omi tí wọ́n sè, ní ìwọ̀n tó wà lára agolo gẹ́lẹ́, tí wọ́n sì fi ife tó mọ́ fún un, á gbé ọmọ náà ró.

Ibà àti ọ̀fìnkìn kò dí ọmú lọ́wọ́. Ẹ kàn sọ fún ẹni tó ń fún yín lóògùn pé ẹ ní ìkókó lọ́wọ́. Ìyá tó ní kòkòrò HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, lè fún ọmọ lọ́mú, kí ọmọ náà sì máa lo èyí tí ilé ìwòsàn fún un. Ṣe ni kó rí i pé kò fi ohun mìíràn lú ọmú pọ̀ fún oṣù mẹ́fà náà.

Ìyá ìbejì, ẹ kú orí ire. Láti Ìgbó-Ọrà dé ibi gbogbo, àwọn ìyá wa ti ń fi ọmú méjì tọ́ ọmọ méjì. Ẹnu méjì ló ń pe omi, omi á sì wá fún ẹnu méjì. Ẹ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmú mú ná, kẹ́ ẹ tó máa fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lábẹ́ apá ọ̀tún, ìkejì lábẹ́ apá òsì.

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn láìdúró bí kò bá mu ọmú mọ́, bó bá ṣòro láti jí, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tó tutù, bó bá ń sáré mí, bí gìrì bá mú un, bí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, tàbí bí nápíìnì rẹ̀ bá gbẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyá náà wà nínú rẹ̀ o: bí ẹ bá ń sunkún láìdáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọkàn yín ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà. Àìsàn ni, ó sì gbóògùn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá pè

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́fà fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2014, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Òfin yẹn kan náà fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè fún un. Ẹni tó bá ń tajà lè gbé ọmọ dání lọ sọ́jà, ìyẹn ló rọrùn jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmú pa mọ́ bí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò sókè, ìka ìtọ́ka sísàlẹ̀, kó jìnnà díẹ̀ sí orí ọmú; ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn sí igbá àyà, ẹ fún un pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ yí ìka ká kí gbogbo ọmú lè fún. Ó lè má kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo fọ́tò ọmọ, tàbí kẹ́ ẹ gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Èyí ṣiṣẹ́ fún mi ju ẹ̀rọ tí mo rà lọ.

Ẹ fi sínú ike onídèérí tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì sè, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lára. Níta fìríìjì, wákàtí mẹ́rin ni òpin rẹ̀, nínú ooru tiwa kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú kúlà tí yìnyín kún, ó lè lo wákàtí 24. Nínú fìríìjì tó ń tutù dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti máa ń lọ tó máa ń bọ̀, ẹ má ro ó kọjá ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé ike náà sínú abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má gbé e sórí iná, ẹ má sì fi sínú máíkírówéèfù. Ọ̀rá rẹ̀ á léfòó sókè, kò bàjẹ́, ẹ kàn rọra mì ín. Ife kékeré ni kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ fi fún un, kí ọmọ jókòó, kí ó fi ahọ́n lá a. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ife, kẹ́ ẹ dà á nù.

Ọ̀rọ̀ oyún

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìbálòpọ̀ ń ba ọmú jẹ́. Kò bà á jẹ́. Mo gbà pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dènà kí ìyá má lóyún lé ọmọ ni. Bí nǹkan oṣù yín ò bá tíì padà, tí ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó sì ń mu ọmú nìkan lọ́sàn-án lóru, ó ṣòro kí oyún dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé o. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ẹ lọ gba ìfètòsọ́mọbíbí tí kò ń dín omi ọmú kù.

Oṣù kẹfà

Bó bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, kí ọmú ṣì máa bá a lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògì nìkan ò tó. Kó ki débi tí kò ní ṣàn kúrò nínú ṣíbí, kẹ́ ẹ sì lọ edé, ẹja gbígbẹ tàbí ẹ̀wà tí wọ́n bó mọ́ ọn. Ẹ lo ẹyin tó jinná, ẹ̀fọ́ tí wọ́n gún, epo pupa díẹ̀. Ṣíbí méjì, mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá tu ú jáde, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́la. Omi tó mọ́ náà ti lè wọlé báyìí, kí ìyá àgbà rí nǹkan bù fún ọmọ rẹ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín.